Ẹ Bi Wá Léèrè: Lẹ́ńtì Mélòó Ni Kí N Rà?

Lẹ́tà mẹ́fà nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ló ń béèrè ohun kan náà: ẹni tó fẹ́ ra irin tàbí pákó, tó fẹ́ gé e sí oríṣiríṣi gígùn, tí kò sì fẹ́ kí owó òun di àgékù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. A dì wọ́n sójú kan. Níbi tí a bá ti pe lẹ́ńtì, odindi ọ̀pá kan bí ọlọ́jà ṣe ń tà á là ń wí.

Wẹ́dà kan kọ̀wé láti Ìbàdàn: Wọ́n gbé iṣẹ́ irin ojú fèrèsé fún mi. Mo nílò páìpù onígun mẹ́rin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 210, ẹyọ 16, àti ti sẹ̀ǹtímítà 130, ẹyọ 20. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mítà 59.6. Lẹ́ńtì kan jẹ́ mítà 6, ni mo bá ra 10. Mo gé e tán, ẹyọ mẹ́rin nínú àwọn 130 kò jáde, àgékù sì kún ilẹ̀ bí pàǹtí ṣe ń kún ọjà lálẹ́. Ṣé ọlọ́jà rẹ́ mi jẹ ni?

Ẹ fi ọlọ́jà sílẹ̀, ìṣirò yín ló jẹ yín lówó. Kí èèyàn ro gbogbo gígùn pọ̀ kó wá fi 6 pín in, ìṣirò ohun tó ń ṣàn nìyẹn. Tó bá jẹ́ epo pupa lẹ̀ ń bù sínú kéèǹgì, èyí tó ṣẹ́kù nínú kéèǹgì kan á wọnú òmíràn, kò ní sòfò. Páìpù kì í ṣe epo. Ohun tó bá kù lórí lẹ́ńtì kan, orí lẹ́ńtì yẹn náà ló kù sí.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọjà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí lẹ́ńtì kan lè gbà gé sílẹ̀. Fún iṣẹ́ yín, ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà. Àkọ́kọ́, 210 méjì àti 130 kan: 550 ni, ó ku bíi 49 lẹ́yìn irin tí dísìkì ẹ̀rọ ìgérin jẹ níbi ìgé. Ìkejì, 130 mẹ́rin: 520, ó ku bíi 79. Ìkẹta, 210 kan àti 130 méjì: 470, ó ku odindi 129, èyí tó fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣàì tó 130. Ẹ má tiẹ̀ wo ìkẹta yẹn lójú.

Ẹnì kan á ní, “210 kan àti 130 mẹ́ta ńkọ́? 600 géérégé ni!” Lórí ìwé ni. Dísìkì ńlá ti ẹ̀rọ ìgérin, èyí tó jẹ́ íńṣì 14, máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 3, gbogbo ibi tó bá sì gbà kọjá, ó ti sọ irin ibẹ̀ di ìyẹ̀fun. Kí ẹyọ mẹ́rin tó jáde, ó di dandan kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mìlímítà 9 ti lọ, ẹyọ ìkẹrin á sì jẹ́ 129.1. Bí dísìkì bá ń mì lórí ẹ̀rọ, á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré oní-íńṣì 4½ kì í nípọn tó bẹ́ẹ̀, 1 sí 1.6 mìlímítà ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àtigé páìpù 36 kí ojú gbogbo wọn sì gún pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni.

Nítorí náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ àti ìkejì ló kù. Lẹ́ńtì 8 lọ́nà àkọ́kọ́ á fún yín ní gbogbo 210 mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú 130 mẹ́jọ. Ó ku 130 méjìlá, ìyẹn lẹ́ńtì 3 lọ́nà ìkejì. Àpapọ̀ jẹ́ 11. A sì mọ̀ pé kò lè dín sí 10, torí kò sí ọ̀nà kan tó lè lo ju 550 lọ lórí lẹ́ńtì kan: ẹ fi 550 pín 5,960, 10.8 ni, kò sì sẹ́ni tó ń ta ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lẹ́ńtì.

Ẹ wò ó pé 11 yìí á dúró bí páìpù yín bá tilẹ̀ jẹ́ mítà 5.8 dípò 6. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn ètò tó ní ààyè díẹ̀ ju èyí tó fún pinpin lọ.

Ohun kan wà tí ẹ lè bi oníṣẹ́ yín. Ṣé 130 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 130? Bó bá lè jẹ́ 129.5, 210 kan àti 129.5 mẹ́ta di 598.5, dísìkì jẹ 0.9, gbogbo rẹ̀ 599.4. Ó wọlé, bí páìpù bá pé 600 tí ẹnu rẹ̀ sì gún. Ẹ gé lẹ́ńtì 4 báyìí, ẹ gé 6 lọ́nà àkọ́kọ́, ẹyọ kékeré méjì péré lá kù tí ẹ máa mú lára lẹ́ńtì ìkọkànlá. Lẹ́ńtì 11 kan náà lẹ máa rà, àmọ́ ẹ máa ní irin kan tó gùn tó mítà 3.4 lọ́wọ́, tó ṣeé fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nínú ètò ti tẹ́lẹ̀, kúkúrú mọ́kànlá ni gbogbo àjẹṣẹ́kù náà fọ́ sí, tí ẹyọ kan nínú wọn kò dé 80.

Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn pé kí ẹ jó àgékù pọ̀, ẹ ní kí wọ́n ro ó ná: 79 àti 49 jẹ́ 128. Kò tó.

Wẹ́dà mìíràn, láti Ìlọrin: Férémù fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú lóròó ni mò ń ṣe, páìpù onísẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 122. Mẹ́rin péré ni mò ń rí lórí lẹ́ńtì kan. Ẹlẹgbẹ́ mi ní márùn-ún lòun ń rí. Àbí páìpù tiẹ̀ gùn ju tèmi lọ?

Ìṣirò tí ẹ máa fi mọ iye tó máa jáde rèé: ẹ fi ohun tí dísìkì ń jẹ kún gígùn lẹ́ńtì, ẹ fi kún gígùn ẹyọ kan náà, kí ẹ wá fi èyí tó kéré pín èyí tó pọ̀. A ń fi kún ti lẹ́ńtì torí ẹyọ tó kẹ́yìn kò nílò pé kí a tún gé e lẹ́yìn. 600.3 tí a fi 122.3 pín jẹ́ 4.9. Ẹ ju .9 yẹn nù, 4 ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ń gé e gbọọrọ.

Àmọ́ igun férémù kì í ṣe gbọọrọ, ìdagẹ̀rẹ̀ 45 ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa kọ́kọ́ gé 122 gbọọrọ kí ẹ tó dá a lẹ́nu ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí igun onígun mẹ́ta kékeré sì ń já bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni irin yín ń bá lọ. Ẹlẹgbẹ́ yín ń gé ìdagẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹyọ méjì: bí ẹyọ àkọ́kọ́ bá ti parí, ojú ìgé kan náà ni ìkejì fi bẹ̀rẹ̀, ó kàn dojú kọ òdìkejì ni. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ti àkọ́kọ́ wà lókè, ti ìkejì á wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Bí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á yí ẹyọ tó dojú bolẹ̀ padà, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èkejì.

Báyìí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò gba 122 mọ́, 122 dín 4 ló ń gbà, ìyẹn 118. Márùn-ún jẹ́ 590, ẹ fi 4 kún un fún ìdagẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, 594. Dísìkì gba ọ̀nà ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí náà mìlímítà 3 rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi 4.2 lára gígùn páìpù. Ìgé mẹ́fà jẹ́ 2.5 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo rẹ̀ 596.5. Márùn-ún jáde, ó ku 3.5. Férémù mẹ́wàá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ 40: lẹ́ńtì 10 ni ẹ̀ ń rà, 8 ló yẹ.

Ibi tí èyí kì í ti ṣiṣẹ́ ni orí irin tí inú àti ìta rẹ̀ kò jọra. Páìpù aluminiọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé, ojú kan ló ní ihò tí gíláàsì ń bọ́ sí. Bí ẹ bá gé ìkejì ní òdìkejì, ihò á bọ́ síta. Ẹ má dán an wò lára rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ̀rọ yín kò bá mú 45 dáadáa, tó mú 44, àṣìṣe náà á wọnú ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ojú ìgé kan ni wọ́n jọ ní. Ẹ gé àgékù méjì, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ fi igun irin wò ó bóyá ó jẹ́ 90, kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́ńtì gidi.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ṣàgámù: Bẹ́ńdà mi, ẹni tó ń bá mi tẹ irin, ní kí n ra rọ́ọ̀dù mìlímítà 12, lẹ́ńtì 18, fún òpó 9 tó ní irin mẹ́rin-mẹ́rin, kí n sì ra mìlímítà 8, lẹ́ńtì 43, fún rìńgì 600 (irin títẹ̀ tó ń yí irin gbọọrọ ká) ti òpó àti líńtẹ́lì. Ọ̀rẹ́ mi tó ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 12 àti 40 lòun rà. Ta ló ń purọ́ fún mi?

Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń purọ́. Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀dù dà bí àtẹ̀gùn: èèyàn á máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àfi ìgbà tó bá ṣubú lójijì. Ẹ jẹ́ ká mú irin òpó ná.

Ká ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n tẹ̀ sínú ìpìlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, láti ìpìlẹ̀ dé ojú ilẹ̀ 90, láti ilẹ̀ dé abẹ́ líńtẹ́lì 240, èyí tó wọnú líńtẹ́lì 30. 390 ni. Lẹ́ńtì mítà 12 á fún yín ní mẹ́ta, ó ku 30. Irin 36 jẹ́ lẹ́ńtì 12. Ti ọ̀rẹ́ yín nìyẹn. Ká wá ní ilẹ̀ tiyín rọ̀ díẹ̀, ẹnjiníà sì ní kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20. Irin di 410. Mẹ́ta jẹ́ 1,230, kò lè jáde mọ́. Méjì péré ló kù, lẹ́ńtì sì di 18. Sẹ̀ǹtímítà 20 ló sọ 12 di 18, tí lẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan sì ń ṣẹ́ mítà 3.8 kù.

Mítà 3.8 yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o. Bó bá jẹ́ pé líńtẹ́lì yín máa gba mìlímítà 12, ibẹ̀ ni kó lọ, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ rà fún líńtẹ́lì. Àṣìṣe tí a máa ń rí ni pé bẹ́ńdà á ṣírò òpó lọ́tọ̀, á ṣírò líńtẹ́lì lọ́tọ̀, á sì ra irin tuntun fún méjèèjì. Ẹ ní kó kó gbogbo ohun tó jẹ́ mìlímítà 12 nínú ilé náà sórí ìwé kan ṣoṣo kó tó gé ohunkóhun.

Bí kò bá sí ibòmíràn tí 3.8 yẹn wúlò, ọ̀nà kejì wà: kí irin òpó jẹ́ méjì tó gun ara wọn lójú ilẹ̀. Irin ìsàlẹ̀: 30, àti 110, àti ibi tí wọ́n ti gun ara wọn. Ìlọ́po 40 ìnípọn irin ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń lò fún ìgunra yìí. 40 lọ́nà 12 jẹ́ mìlímítà 480, ẹ pè é ní 50 sẹ̀ǹtímítà. Irin ìsàlẹ̀ jẹ́ 190. Irin òkè: 240 àti 30, ìyẹn 270. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 270 mẹ́ta àti 190 méjì jẹ́ 1,190. Lẹ́ńtì 12 á fún yín ní gbogbo 270 mẹ́rìndínlógójì àti 190 mẹ́rìnlélógún. Ó ku 190 méjìlá. Mẹ́fà ń jáde lórí lẹ́ńtì kan, lẹ́ńtì 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Irin tó wọnú òpó pọ̀ sí i, láti mítà 147.6 dé 165.6, síbẹ̀ lẹ́ńtì tí ẹ rà dín ní mẹ́rin. Ẹni tó bá ń fi àròpọ̀ gígùn ṣírò kò lè rí èyí láéláé.

Àkíyèsí mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹnjiníà yín ló máa sọ bóyá ìgunra lè wà níbẹ̀ àti bó ṣe máa gùn tó. Wáyà ìdè á pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, 1,190 kò fàyè sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo rọ́ọ̀dù ọjà kọ́ ló pé mítà 12. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí méjì kí ọkọ̀ lè gbé e, ojú ò sì lè gba ìwọ̀n rẹ̀ nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n na ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹyọ tó kúrú jù lẹ máa fi ṣírò. Ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ láé ni pé ẹnì kan gé irin òpó kúrú, tàbí ó dín ìgunra kù, kí àgékù má baà wà.

Ó wá ku rìńgì. Mìlímítà là ń kà báyìí: òpó 225 níbùú lóròó, kọnkéré bo irin ní 25 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, rìńgì jẹ́ 175 láti ìta dé ìta. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin jẹ́ 700. Ìkọ́ méjì, kọ̀ọ̀kan ìlọ́po 10 ìnípọn irin, jẹ́ 160. Àròpọ̀ 860. Ṣùgbọ́n irin máa ń gùn díẹ̀ sí i níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, nítorí náà a óò yọ ìlọ́po 2 ìnípọn rẹ̀ fún igun mẹ́ta tó jẹ́ 90 (48), àti ìlọ́po 3 fún orí ìkọ́ méjèèjì (48). 764 mìlímítà ló kù. Bẹ́ńdà yín ń gé 80 sẹ̀ǹtímítà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bí rọ́ọ̀dù bá pé 12, 80 á fún un ní 15 géérégé. Bó bá jẹ́ 11.8, 14 ni, ó ku 60 tó ń sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 600 tí a fi 14 pín: 43. Bó bá gé 78, 15 jáde lórí rọ́ọ̀dù 11.8 náà, 40 sì tó. Kó gé ẹyọ kan ní 78, kó tẹ̀ ẹ́, kó fi tépù wọ̀n ọ́n lára pákó tí wọ́n máa da òpó sí kó tó gé èyí tó kù. Rìńgì kan àdánwò kò tó nǹkan. 600 tó kúrú, àbámọ̀ ni.

Níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ lọ sọ́jà, bóyá Owódé Onírin tàbí tòsí yín, ẹ gbé èyí dání: ẹ fi ìnípọn irin ní mìlímítà lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi 162 pín in, ìwọ̀n kílò mítà kan nìyẹn. Mìlímítà 12 tó pé mítà 12 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó 10.7 kílò, bíi lẹ́ńtì 93 sí 94 nínú tọ́ọ̀nù kan. Mìlímítà 16: kílò 19, bíi 53 nínú tọ́ọ̀nù. Mìlímítà 10: kílò 7.4, 135. Mìlímítà 8: kílò 4.7, bíi 211. Bí èyí tí wọ́n pè ní 12 bá wọ̀n kílò 9 péré, tí tépù sì sọ pé mítà 12 ló gùn, mìlímítà 11 ni wọ́n tà fún yín.

Káfíńtà kan, láti Bódìjà: Pákó méjì-méjì ẹsẹ̀ bàtà 12 ni mo rà, ẹyọ 10, láti gé íńṣì 48 ọgbọ̀n fún abẹ́ síìlì. Ẹyọ kẹta kúrú lórí gbogbo wọn.

Íńṣì 144 tí a fi 48 pín jẹ́ 3, àmọ́ ayùn yín náà fẹ́ jẹun. Ìgé méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kẹta di 47¾. Kí a má tíì sọ ti ẹnu pákó tó là tàbí tí wọ́n gé wọ́gọwọ̀gọ ní sọ́mìlì, tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ló sọ pé 48 lẹ nílò? Bí igi gbọọrọ tí ẹ ti kàn bá jìnnà síra ní 48 láti àárín dé àárín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nípọn ní íńṣì 2, ààyè tó wà láàárín wọn jẹ́ 46. Mẹ́ta jẹ́ 138, ẹ sì ní íńṣì márùn-ún lé díẹ̀ láti fi tún ẹnu pákó ṣe. Ẹ fi tépù wọn ààyè, ẹ má wọn ètò. Pákó kò sì dà bí irin tí ọ̀kan jọ èkejì. Ẹ ṣà wọ́n kí ẹ tó fa ìlà: èyí tó gún lẹ fi ṣe gígùn, èyí tó wọ́ tàbí tó ní kókó lẹ gé sí kúkúrú, kí kókó náà bọ́ sí ojú ìgé.

Ọmọ iṣẹ́ kan, ní Abẹ́òkúta: Ọ̀gá mi ní tó gùn jù ni kí n máa kọ́kọ́ gé nígbà gbogbo. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé áàpù orí fóònù kò ní ṣe é dáadáa jù ú lọ?

Ọ̀gá yín gbọ́n. Kọ gbogbo ẹyọ láti èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù, kí o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí lẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó lè gbà á. Èyí tí ò bá wọ̀, mú lẹ́ńtì tuntun. Ìdí tó fi dára ni pé ẹyọ kúkúrú rọrùn láti fi dí ààyè, èyí tó gùn kò rí ibi wọ̀ bó bá pẹ́ dé. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti yẹ ọ̀nà yìí wò dáadáa: níbi tí lẹ́ńtì 9 bá ti jẹ́ èyí tó kéré jù tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀nà ọ̀gá yín kò lè gbà ju 11 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Mú páìpù mítà 6, ẹyọ 238 méjì àti 179 mẹ́rin. Bí ọ̀gá ṣe wí: 238 méjì lọ sórí lẹ́ńtì kìíní, ó ku 123, 179 kò lè wọ̀ ọ́. 179 mẹ́ta lọ sórí èkejì. Ọ̀kan tó kù gba odindi lẹ́ńtì kẹta. Nísinsìnyí, ya àwọn 238 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 238 kan àti 179 méjì jẹ́ 596, dísìkì jẹ 0.9, ó wọ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ńtì 2, iṣẹ́ parí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá ti to gígùn jù tán, wo lẹ́ńtì tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì péré ló wà lórí rẹ̀, padà lọ tú àwọn lẹ́ńtì tí àgékù wọn pọ̀ kí o tún wọn tò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọpọlọ àgbà. Ní 1939, ní Leningrad, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Leonid Kantorovich kọ̀wé lórí irú ìṣòro báyìí, lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣe pákó pílíwúùdù gbé ìbéèrè ilé iṣẹ́ wọn wá bá a. Ó wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1975. Ní 1961, Paul Gilmore àti Ralph Gomory ti IBM gbé ọ̀nà kan jáde tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe é láìjẹ́ pé ó kọ gbogbo ọ̀nà ìgé sílẹ̀, torí bí oríṣi gígùn bá ti pọ̀, ọ̀nà ìgé lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Nítorí náà, áàpù dára bí oríṣi gígùn bá ti ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Àmọ́ ohun tí o bá kọ sínú rẹ̀ ló máa lò. Wá ibi tó ti ń béèrè ohun tí ayùn ń jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òdo, áàpù á sì fi ọkàn balẹ̀ to 210 àti 130 mẹ́ta sórí 600. Kọ gígùn lẹ́ńtì tí tépù sọ, má kọ èyí tí ọlọ́jà sọ. Wo ìwọ̀n pẹ̀lú: íńṣì àti sẹ̀ǹtímítà kì í gbé inú ìwé kan náà.

Ìyá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ní Oṣogbo: Àgékù ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n tọ́jú, èwo ni kí n tà fún àwọn onírin àlòkù?

Ẹ wo ìwé iṣẹ́ yín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wá ẹyọ tó kúrú jù lọ tí ẹ sábà máa ń gé. Àgékù tó bá dín sí i, ẹ tà á. Ẹ yọ èyí tó tó íńṣì mẹ́fà sẹ́yìn díẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀. Èyí tó bá kọjá rẹ̀, ẹ tò ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, irin kan náà pẹ̀lú irin kan náà, kúkúrú níwájú. Kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹfun kọ gígùn rẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá a. Kí àwọn gígùn yẹn sì wà lórí ìwé ìgé iṣẹ́ tó bá kàn, lókè lẹ́ńtì tuntun, kí wọ́n tó máa to ẹyọ sórí ohunkóhun.